Ewé ẹ̀fọ́ tó ń pọ́n, kì í ṣe fatiláísà ló ń bèèrè nígbà gbogbo

Mo mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ọ̀pọ̀ yín ló ń ra omi, àwọn mìíràn sì ń rán ọmọ lọ sí kànga kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe ti ibà. Ti ẹ̀fọ́ ni. Ẹni tó bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa, bí mo bá ti tú aṣọ ìwọ̀n kúrò lápá rẹ̀ tán, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ugwu mi ń pọ́n o, kí ni kí n fi sí i?" N kò lè bínú sí wọn. Èmi náà ni mo ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí aláboyún jẹ ẹ̀fọ́, kí àgbàlagbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le jẹ ẹ́, kí ìyá ọmọ gún un sínú oúnjẹ ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ní kí ará ìlú máa jẹ ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ sá nígbà tí wọ́n bá ní kó wá wo ẹ̀fọ́ náà.

Ní Ifẹ̀-Olúkòtún tiwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Yagba East ní ìpínlẹ̀ Kogi, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá, kì í sì í padà wá dáadáa títí di oṣù kẹrin. Láàárín àkókò náà ni ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè ń là, tí ilẹ̀ náà ń là. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tútù nínú oṣù kejì láìlọ rà á lọ́jà, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin ín. Ọgbà tèmi lẹ́yìn ilé ìdáná kò ju yàrá méjì lọ. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà níbẹ̀, ugwu ń fà lórí igi, ewúro wà létí ògiri, mo sì gbin worowo sábẹ́ igi ọsàn nítorí pé ibòji ló fẹ́ràn. Gbúre àti efinrin wà nínú rọ́bà pénti lójúde. Kò tó nǹkan tí èèyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ wa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nípa ewé wọ̀nyí. Oògùn ni fatiláísà. A kì í fún ẹni tó ń ṣàìsàn ní oògùn kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é, a kì í sì í gbé oògùn síbi tí ọwọ́ ọmọdé yóò tó o. Bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lẹ́yìnkùlé, tí ewé bá pọ́n pẹ́nrẹ́n báyìí, ẹ̀kúnwọ́ funfun kan ti bọ́ sí i nìyẹn, ìyókù á sì lọ sínú agolo wàrà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ewé. Kí ẹ tó ronú kan fatiláísà, ẹ ti ìka yín bọ ilẹ̀ ní ìdí ẹ̀fọ́ náà títí dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ lọ gbé omi wá. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá tutù, tí iyẹ̀pẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tí ewé sì ń rọ síbẹ̀síbẹ̀, omi ló pọ̀ jù. Gbòǹgbò náà ń mí, ẹ má rò pé ewé nìkan ló ń mí. Bí omi bá gba gbogbo àlàfo tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, atẹ́gùn kò ní rí ibi gbà wọlé, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, èyí tó bá sì ti jẹrà kò lè fa omi sókè mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ fi lè dúró sínú omi kó máa rọ bí ẹni tí kò rí omi mu. Ẹni tí kò bá fìka yẹ ilẹ̀ wò, omi náà ni yóò tún bù sí i.

Ti ọ̀sán tún wà níbẹ̀ o. Ewé ugwu gbòòrò, bí oòrùn aago kan bá ràn án, á sorí kọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó tún nà padà, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Oòrùn ló sá fún.

Bó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni ewé ń pọ́n, ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ pọ́n. Bó bá jẹ́ àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti dàgbà ló ń di rúsúrúsú látòkè délẹ̀ nígbà tí ewé orí ṣì tutù, ebi náítírójìn ló sábà máa ń jẹ́, nítorí ewéko máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àgbà ewé láti fi bọ́ ọmọ ewé. (Ìyá tó ń fi ẹran tirẹ̀ sáwo ọmọ yóò yé èyí dáadáa.) Irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ ni fatiláísà lè ràn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló ń pọ́n, tí àwọn iṣan inú ewé sì tutù, kò rí irin tó nìyẹn. Nígbà míì, irin wà nínú ilẹ̀, àmọ́ omi àpọ̀jù ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò lè gbé e. Bó bá jẹ́ etí ewé àti ṣóńṣó rẹ̀ ló jóná tó gbẹ bíi bébà, ọyẹ́ àti òùngbẹ lè fà á, iyọ̀ fatiláísà náà sì lè fà á. Bó bá jẹ́ ihò ni, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, fatiláísà kì í sì í pa kòkòrò.

Ẹ ríi pé nínú gbogbo èyí, ẹyọ kan péré ló ń bèèrè fatiláísà. Bí ẹ bá da fatiláísà sórí ẹ̀fọ́ tí òùngbẹ ń gbẹ, ńṣe lẹ fi iyọ̀ sẹ́nu ẹni tí kò rí omi mu láti àárọ̀. Bí ẹ bá dà á sórí èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń jẹrà, ẹ kàn ń sin ín lọ ni.

Ní ti omi, àárọ̀ ló dáa jù, kí oòrùn tó mú. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé. Ewé tó bá fi omi sùn mọ́jú máa ń tètè ní àrùn olú, àwọn àmì dúdú tàbí funfun bíi ẹfun tí ẹ máa ń rí lára ugwu. Omi tí ẹ bá kàn wọ́n gààràgà kì í wọlẹ̀ ju orí ìka lọ, gbòǹgbò á sì máa wá sókè láti lá a, oòrùn á mú un níbẹ̀. Ẹ rọra dà á kó wọlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí gbòǹgbò wọn kò jìn fẹ́ omi lójoojúmọ́ bí ọyẹ́ bá mú. Ewúro tó ti dàgbà kò ní kú bí ẹ kò bá débẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Gbúre ni ọmọ omi, bí orúkọ tí àwọn olóyìnbó sọ ọ́. Koríko gbígbẹ tí ẹ bá sì tẹ́ sí ìdí gbogbo wọn máa ń dín omi tí ẹ ó pọn kù. Nínú ọgbà mi, òun ló gbà mí lọ́wọ́ ìrìn kànga kan lójúmọ́.

Omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì tàbí tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù, ó dáa fún wọn. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ fi ọṣẹ lúbúlúbú tàbí bílíìsì fọ aṣọ, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má fi rin ohun tí ẹ máa jẹ. Omi iṣu tí iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ náà kò wúlò fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbin nǹkan sínú rọ́bà, ẹ dá ìdí rẹ̀ lu. Àwo tí ẹ bá gbé sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, kó má pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀fọn lè yé sínú omi tó kéré báyìí, kí ọmọ rẹ̀ sì fò jáde láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Mo ti rí ilé tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì dáadáa, tí àwo omi sì tò lọ bẹẹrẹ sábẹ́ òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Ó ku fatiláísà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára àpò rẹ̀, bíi 15-15-15 tàbí 20-10-10. Èkíní ni náítírójìn tó ń mú ewé tutù, èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta ni potásíọ̀mù. Èyí tó jẹ́ 15-15-15, bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún kílò rẹ̀, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni náítírójìn inú rẹ̀. Yúríà ni èyí tó funfun kóróbójó tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ní kóńgò, kò ní nǹkan mìíràn ju náítírójìn lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ara rẹ̀: 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ yúríà Dangote ní Lẹ́kí, Èkó, ẹ ó ti máa rí àpò rẹ̀ lọ́jà dáadáa.

Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí àwa nọ́ọ̀sì. Yúríà yìí kan náà ni ara èèyàn ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀, tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde sínú ìtọ̀. Bí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nítorí kíndìnrín, ó wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Wöhler ló fi ọwọ́ ṣe é nínú ilé àyẹ̀wò ní 1828 láìlo ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹni tó bá bi mí bóyá ìtọ̀ wúlò fún ewúro, mo máa ń dá a lóhùn pé ó wúlò, bí ẹ bá fi omi bí ìlọ́po mẹ́wàá là á, tí ẹ sì dà á sí ilẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ẹ̀fọ́ tí ẹ máa jẹ ní tútù, bíi lẹ́tíúsì, ẹ má fi débẹ̀.

Bí mo ṣe ń lo yúríà nìyí: ṣíbí ìjẹun kan, tí mo fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó má gogò, sínú omi lítà mẹ́wàá. Mo kọ́kọ́ ń fi omi lásán rin ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa bu èyí tí mo pò sí ìdí ẹ̀fọ́, ife kan fún ìdí ugwu kan. Bó bá ta sára ewé, mo ń ṣàn án kúrò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún un ṣe, n kì í sì í já ẹ̀fọ́ níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi kọjá. Àwọn aládùúgbò mi sọ pé nọ́ọ̀sì ti ahun jù. Kò burú.

Ẹ ti rí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí rí. Omi ara rẹ̀ ló ń tú jáde. Iyọ̀ ni fatiláísà jẹ́ fún gbòǹgbò, bó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, dípò kí gbòǹgbò fa omi mu, ilẹ̀ ni yóò fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Etí ewé á jóná. Olówó ẹ̀fọ́ á ní oúnjẹ kò tó o, á tún bù kún un.

Àwọn tó ń gbin òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní orchid mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbé e sójú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní méjì. Orí igi ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń gbé nínú igbó, ó wà nínú igbó tiwa náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ohunkóhun tó bá wà lórí igi ni a ń pè ní àfòmọ́, a kì í yà á sọ́tọ̀. Àfòmọ́ ń mu lára igi tó gbé e, orchid kì í mu ún, ìjókòó ló kàn ń jókòó síbẹ̀, tó ń gba omi òjò àti ìrì. Gbòǹgbò rẹ̀ kò sí nínú ilẹ̀, nítorí náà iyọ̀ díẹ̀ lè jó o. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń la fatiláísà rẹ̀ dé ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára páálí, lóṣooṣù wọ́n á sì da omi lásán sí i títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí iyọ̀ tó kù lè bá a lọ. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo mú lò fún gbúre inú rọ́bà mi, nítorí pé inú rọ́bà, iyọ̀ kò ríbi sá lọ.

Ìgbẹ́ adìyẹ dáa ju fatiláísà lọ fún ilẹ̀ wa tó jẹ́ oníyanrìn, torí pé ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ di omi mú. Ṣùgbọ́n èyí tó tutù ń jó ewé bíi fatiláísà, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú koríko, ẹ bò ó, ẹ máa yí i padà, ẹ jẹ́ kó jẹrà tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó wọ ọgbà, kó má rùn mọ́, kó dà bí ilẹ̀ ààtàn dúdú. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn tó ń gbin nǹkan láìlo kẹ́míkà ni pé bí ìgbẹ́ ẹran tútù bá wọ ilẹ̀ ohun ọ̀gbìn tó ń kan ilẹ̀, ọgọ́fà ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kórè rẹ̀. Ìgbẹ́ èèyàn ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá. Ẹyin aràn máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, àwọn ọmọ yín ló sì ń fi ọwọ́ lásán ṣeré níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn tó wà ní Kabba, tó jẹ́ ti Yunifásítì Ahmadu Bello, kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Ìbàdàn sì ní ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ yín fi ọkàn sí èyí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n sáré gbé ọmọ ọdún méjì kan wọlé tọ̀ wá wá. Ìyá àgbà rẹ̀ ra kóńgò yúríà kan fún ugwu rẹ̀, ó lo díẹ̀, ó da ìyókù sínú agolo wàrà, ó sì gbé e sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo iyọ̀. Ọmọ náà gun àpótí, ó bu ú sẹ́nu. Ìyá àgbà pariwo, aládùúgbò kan sì sáré gbé epo pupa wá, wọ́n di ọmọ mú, wọ́n rọ epo náà sí i lọ́fun kó lè pa oró. Ọmọ ń sunkún, epo gba ọ̀nà òdì, ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, yúríà tó lá kò tó ohun tó lè pa á, ó kàn ń bì ni. Èémí rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Imú rẹ̀ ń fẹ̀, ìhà rẹ̀ ń wọnú, ọ̀fun rẹ̀ ń dún hùn-ùn hùn-ùn. A fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà, ó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ kó tó padà wálé. Ó ti ń lọ síléèwé báyìí.

Ìyá àgbà náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, ó ní, "Ọmọ mi, ó jọ iyọ̀. Èmi gan-an lè fi sọbẹ̀."

Mo ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ." Òótọ́ ló sì sọ. Bí ojú yín kò bá ríran dáadáa mọ́, tí iná kò sì sí lálẹ́, ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Nítorí náà, ẹ fi fatiláísà sílẹ̀ sínú àpò tí wọ́n tà á sí, tàbí kí ẹ kọ orúkọ sára ohun tí ẹ bá dà á sí, kí ẹ so ó, kí ẹ gbé e síta ilé ìdáná, níbi tó ga tó sì gbẹ. Kó má wọ agolo oúnjẹ tàbí ìgò ohun mímu láé. Omi tí ẹ bá pò ló, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé e sílẹ̀ nínú ife.

Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ má fi ìka fa èébì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fún un ní àgbo. Bó bá ta sí i lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mú àpò tàbí agolo fatiláísà náà dání wá sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́, nítorí oríṣiríṣi ni, àwọn mìíràn sì burú ju yúríà lọ. Bí ọmọ bá ń sùn lọ, tàbí tí èémí rẹ̀ bá yí padà, ẹ má dúró de ọkọ rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀. Ẹ gun ọ̀kadà tó bá wà nítòsí.

Ó tún ku kànga. Fatiláísà àti ìgbẹ́ ẹran tó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ sínú omi ilẹ̀, á di ohun tí wọ́n ń pè ní náítíréètì, á sì bá yín nínú kànga. Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ̀. Ọmọ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ara rẹ̀, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri mọ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Hunter Comly, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1945, lẹ́yìn tó rí àwọn ọmọ ọwọ́ ní ìpínlẹ̀ Iowa tí ara wọn ń di aró nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi omi kànga oko pò fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí náítíréètì má ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan. Ó tún wá burú sí i pé bí ẹ bá se omi náà, kò ní lọ. Ńṣe ni yóò pọ̀ sí i, torí pé omi ló ń gbẹ, òun kì í gbẹ.

Lára ọmọ dúdú, ẹ má retí kí ara rẹ̀ di aró. Inú ètè ni kí ẹ wò, èrìgì, àti abẹ́ èékánná. Bó bá rí bí eérú tàbí aró dípò pupa, ọsibítù ló kàn.

Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà ni ààbò tó dáa jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé náítíréètì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú ọmú kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ìyá àgbà kan yóò ní ọmọ gbọ́dọ̀ mu omi, ọmọ gbọ́dọ̀ mu àgbo. Omi kànga wo ni ẹ fẹ́ fi se é, ẹ̀yin ìyá mi? Bí ọmọ bá ti ń jẹun, ẹ̀fọ́ tí ẹ sè lónìí ni kó jẹ lónìí. Èyí tó bá sùn mọ́jú láìsí fíríìjì, kí àgbà jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ dà á nù, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ máa ń yí náítíréètì ewé padà sí èyí tó tún burú jù. Ẹ má bu fatiláísà sí àyíká kànga, ẹ má kó ìgbẹ́ ẹran jọ síbẹ̀, kí ṣáláńgá sì jìnnà sí i tó 30 mítà ó kéré tán.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí orúnkún ń dùn, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi wúwo tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má gbé e. Ìdajì garawa kékeré méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, á jẹ́ kí ara yín dọ́gba. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, nítorí ilẹ̀ amọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ń yọ̀, egungun ìbàdí tó bá sì kán lẹ́ni àádọ́rin ọdún kì í tètè jìnnà. Bí ọmọ-ọmọ bá wà nílé, òun ni kó pọn omi, kí ẹ̀yin máa fi ìka yẹ ilẹ̀ wò.

Àwọn tó bi mí nípa kòkòrò dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ tó ń jẹ ewé ṣọkọ, àti bóyá oògùn ẹ̀fọn inú agolo ṣeé fín sí i, mo ti rí ìbéèrè yín. Kó ṣeé fín sí i o, ẹ má ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó sọ èyí tó ṣeé lò.